Ìyá Ológbò Agbowó

Bí àlejò bá dé Agbowó n'Ìbàdàn láàárín ọdún 1987 sí 1988, tó sì béèrè ilé Moróunkẹ́ Adéróunmú, wọ́n lè wò ó títí kí wọ́n tó ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ní ilé Ìyá Ológbò ni òun ń lọ, ọmọdé tó ń ta omi pàápàá á mú un dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ náà ò dùn mọ́ obìnrin yìí nínú rárá. Abiyamọ ni, télọ̀ ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í pa ìsọjí jẹ ni, Wándé ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe tíṣà ní Ìṣẹ́yìn. Nínú gbogbo èyí, ológbò ni Agbowó rí fi sọ ọ́ lórúkọ. Ará Agbowó ò kúkú ní ìtìjú.

Ilé àkọ́kù kan ló fà á. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ilé náà wà, lọ́nà tó wọ inú Agbowó láti iwájú géètì Yunifásítì. Ẹni tó ń kọ́ ọ ti kọ́ ọ dé ojú fèrèsé kí náírà tó dojú bolẹ̀, ló bá fi búlọ́ọ̀kù àti irin sílẹ̀ fún òjò. Ibi tí èèyàn bá sì fi sílẹ̀, ẹranko á gbà á. Kò pẹ́ tí ológbò fi kún ibẹ̀, dúdú, funfun, aláwọ̀ eérú, abìlà. Wọn ò ní ẹni tó ni wọ́n. Bí èèyàn bá sún mọ́ wọn, wọ́n á sá. Bó bá yíjú, wọ́n á wọ ilé ìdáná lọ gbé ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣe ń bí ni wọ́n tún ń lóyún. Ohun tí àwọn ará àdúgbò ń ṣe sí ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro: wọ́n á kó àwọn ọmọ tí kò tíì lajú sínú àpò, wọ́n á dì í lẹ́nu, wọ́n á jù ú sí gọ́tà, wọ́n á sì padà lọ jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Moróunkẹ́ ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó rí i tí àpò ìyẹ̀fun kan ń mira nínú gọ́tà. Ó kọ́kọ́ ké, "Jésù!" Lẹ́yìn náà ló wọ inú ẹ̀gbin lọ, ó tú ẹnu àpò náà. Ohun tó bá níbẹ̀ ò ṣeé ròyìn fún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì ń mí, òun náà sì kú kí oòrùn tó gòkè. Moróunkẹ́ jókòó sídìí maṣíìnì, kò lè rán nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá wọn tó ń ké kiri orí ògiri ilé àkọ́kù, tó ń wá ohun tí kò ní í rí. Ọjọ́ náà ló pinnu pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà ní Agbowó, wọn ò ní í ju ọmọ ológbò kankan sí gọ́tà mọ́. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá ìyá tó ń ta òkú Èkó sọ̀rọ̀ kó máa bá òun kó orí ẹja tí àwọn oníbàárà ò bá fẹ́ pa mọ́. Ó ń sè é, ó ń pò ó mọ́ ẹ̀bà àná, ó ń gbé e sẹ́yìn ògiri. Ìyá ìjọ kan bi í nílé àdúrà pé kí ló pa aláṣọ funfun pọ̀ mọ́ ẹran àjẹ́. Moróunkẹ́ ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, nígbà tí Nóà ń kó ẹranko sínú ọkọ̀, ṣé ó yọ ológbò sílẹ̀ ni?" Láti ọjọ́ náà, ìyá ìjọ ò jókòó tì í mọ́.

Ẹnìkan péré ló bá a dá sí i. Zùwáírátù, ìyàwó Àkànó awakọ̀, ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ọmọ Ṣakí ni, mùsùlùmí ni, kò sì bẹ̀rù ológbò. Ó ní nílé àwọn, bí ológbò bá fẹnu kan omi, wọ́n ṣì ń fi í ṣe àlùwàlá. Òun ló ń fọ abọ́ wọn, òun náà ló ń sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tí ara rẹ̀ pọ́n níhìn-ín, tó dú lọ́hùn-ún, tó funfun níkùn, bí aṣọ àǹkárá, ló pè ní Aláǹkárá, òun ló sì fẹ́ràn jù. Ẹranko náà kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan òun, àfi Zùwáírátù tí òun ń wọ yàrá rẹ̀ lọ sùn. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin méjèèjì á jókòó sórí pèpéle ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa wo bí àwọn ẹranko náà ṣe ń jà sórí ẹja, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Moróunkẹ́ ti di opó ó pẹ́, Wándé sì jìnnà. Kò rántí ìgbà tó ti rí ẹni bá a jókòó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Zùwáírátù ò tíì bímọ. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Bí ìyá náà bá ti Ìwó Róòdù dé, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ló ń gbọ́: "Inú tí wọ́n ti sé! Ẹ wo inú tí wọ́n ti sé tí ọmọ mi gbé wálé!" Zùwáírátù á kúnlẹ̀, á gbé omi fún un. Bó bá lọ tán, á wá jókòó sórí pèpéle, Moróunkẹ́ á sì jókòó tì í.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí Dókítà Olúbùsọ́lá fi dé. Dókítà ẹranko ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé Bódìjà, tó ń wa mọ́tò ìjàpá tí ariwo rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Aṣọ ló gbé wá rán. Nígbà tó rí àwọn ológbò lórí ògiri, tó sì gbọ́ ìtàn àpò inú gọ́tà, ó fi àga jókòó.

"Ẹ ń fún wọn lóúnjẹ, mà, ó dáa," ó wí. "Ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹun yó á tún bímọ sí i. Bẹ́ ẹ bá ń bọ́ wọn bẹ́ẹ̀ lásán, àpò gọ́tà yẹn lẹ̀ ń bọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Moróunkẹ́ lọ́kàn. "Kí la ó wá ṣe, Dókítà?"

"A ó yọ ilé-ọmọ àwọn abo, a ó tẹ àwọn akọ lọ́dàá, a ó sì dá wọn padà síbi tá a ti mú wọn. Wọ́n á máa pa èkúté yín, wọn ò ní í bí mọ́, ará àdúgbò á sì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni tèmi. Ẹ̀yin ṣáà bá mi mú wọn."

Mímú wọn gan-an niṣẹ́. Moróunkẹ́ ló dá ọgbọ́n agọ̀ adìẹ. Á fi igi kékeré gbé ẹ̀gbẹ́ agọ̀ kan sókè, á so okùn mọ́ igi náà, á gbé orí ẹja tó ṣì ń rùn fìn-ìn sábẹ́ rẹ̀, á wá padà sídìí maṣíìnì rẹ̀ pẹ̀lú ìdí okùn lábẹ́ ẹsẹ̀. Á máa rán aṣọ lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bí ológbò bá wọlé tán, á fa okùn. Ariwo tó ń tẹ̀lé e máa ń mú kí oníbàárà fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Àpá èékánná gba ọwọ́ rẹ̀ kan. Bó bá di Sátidé, mọ́tò ìjàpá á kó wọn lọ sí Bódìjà, sí yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ tí dókítà ti sọ di ibi iṣẹ́. Moróunkẹ́ á máa di ẹsẹ̀ ẹranko mú bí abẹ́rẹ́ oorun ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Télọ̀ ò sì lè má ṣe télọ̀: bí dókítà bá ń rán ikùn wọn, ńṣe ló máa ń na ọrùn wò ó bóyá ojú rírán náà gún. Kí wọ́n tó jí, dókítà á gé ṣóńṣó etí òsì wọn díẹ̀, kí èèyàn lè mọ̀ lókèèrè pé wọ́n ti ṣe ti eléyìí, kí wọ́n má baà la ikùn kan lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Àpò kò sí nínú gọ́tà mọ́. Àwọn akọ dẹ́kun ìjà orí páànù tí kì í jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ní àdúgbò ráyè kàwé. Lẹ́ẹ̀kan, onílé tó ti ń halẹ̀ pé òun á fi oògùn eku pa gbogbo wọn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ìyá Wándé, àwọn ẹran yín yìí ti ń gbọ́n o." Inú Moróunkẹ́ dùn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Ohun kan ló kù. Báwo lèèyàn ṣe máa jókòó ti obìnrin tí wọ́n ń pè ní inú tí wọ́n ti sé, kó sì sọ fún un pé ilé-ọmọ ni òun ń bá wọn yọ dànù láràárọ̀ Sátidé? Moróunkẹ́ ò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí Zùwáírátù béèrè ibi tí wọ́n ń kó àwọn ológbò lọ, ó ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, kí wọ́n má baà kó dìgbòlugi. Etí wọn ńkọ́? Àmì abẹ́rẹ́ náà ni. Zùwáírátù gbà á gbọ́. Ta ni ì bá sì ṣiyèméjì? Àánú ló mú un parọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú àánú lè pa irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ò mọ ẹni tó fi àánú pa òun.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ fo Aláǹkárá. Gbogbo ìgbà tí dókítà bá béèrè abo tí ara rẹ̀ rí tó-tò-tó yẹn, á ní kò tíì ṣeé mú. Nígbà tó yá, dókítà wá pẹ̀lú ìròyìn pé òun ti ríṣẹ́ sí Sáúdí, bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun, òun ò sì ní í pẹ́ lọ. "Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣe kẹ́yìn, mà. Èyí tó kù yẹn, bí abo kan ṣoṣo bá ṣì ń bí, tó bá yá gbogbo rẹ̀ á tún kún padà."

Ó wá bọ́ sí ìgbà tí Zùwáírátù rin ìrìn àjò lọ sí Ṣakí, nítorí ara ìyá rẹ̀ ò yá. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ kí Moróunkẹ́, ó ní, "Ìyá Wándé, ẹ bá mi tọ́jú Aláǹkárá o. Ẹ máa fún un ní ẹja dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ní nǹkan lẹ́nu tí kò fẹ́ sọ. Moróunkẹ́ rí ẹ̀rín náà. Kò bi í pé kí ló dé.

Ó fi agọ̀ mú Aláǹkárá.

Ní Bódìjà, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti mú un, dókítà fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó sì dúró. "Ìyá Wándé, eléyìí ti lóyún. Oyún náà ṣì kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ṣé kí n dá a padà, àbí kí n ṣe é? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ."

Moróunkẹ́ wo ẹranko tó nà gbalaja náà. Àpò tó ń mira nínú gọ́tà ló wá sí i lọ́kàn. Ó rò ó pé dókítà ń lọ, kò sì sí ẹni tó máa ṣe é mọ́. Ó rò ó pé Zùwáírátù ò sí nílé, kò ní í mọ̀. Ní tòótọ́, ìrònú kẹta yìí ló yẹ kó dá a dúró.

"Ẹ ṣe é," ó wí.

Nígbà tí Zùwáírátù dé láti Ṣakí, ó bá Aláǹkárá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú etí gígé àti ikùn tí wọ́n ti fá irun rẹ̀. Moróunkẹ́ ní egbò ló wà níbẹ̀, dókítà ló bá a tọ́jú rẹ̀. Zùwáírátù dúpẹ́ gan-an. Ó gbé ológbò náà mọ́ra wọ yàrá lọ.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń wò ó. Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó sórí pèpéle, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó mú Moróunkẹ́ wọ yàrá, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti tẹ́ ìró àtijọ́ sínú rẹ̀, ó ti ká a mẹ́rin-mẹ́rin, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

"Ó lóyún, Ìyá Wándé," ó wí. "Mo ti mọ̀ kí n tó lọ Ṣakí. Mi ò sọ fún yín ni, nítorí a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ. Mo bá Ọlọ́run dá a pé bó bá bímọ láyọ̀ nínú yàrá mi yìí, màá mọ̀ pé tèmi náà wà lọ́nà. Oyún náà ti wálẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe é."

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì yìí. Ọ̀kan pa ẹnu mọ́ nítorí àánú, èkejì pa ẹnu mọ́ nítorí a kì í pariwo oyún, bí ẹni pé oyún ológbò náà lọ́tàá. Bí ẹnu ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ díẹ̀ ni, Aláǹkárá ì bá ti bímọ sínú páálí náà. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.

Àyè ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà. Bí Moróunkẹ́ bá ti wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí yẹn, tó ní, "Zùwáírá, èmi ni, dárí jì mí," bóyá ẹkún ni wọn ì bá jọ sun. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Má sunkún mọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò fún un." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló mọ̀ pé kò sí òmíràn.

Zùwáírátù di ọ̀rọ̀ náà mú. Ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ ló ń gé fún ológbò náà. Á gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀ ní ìdájí, á gbàdúrà sí i. Ó ń sá páálí sóòrùn kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Moróunkẹ́ ń rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kò sì lè gbé ojú sókè mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á sọ ọ́ lọ́la. Ní ilé àdúrà, nígbà tí wọ́n bá ní kí oníkálukú jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sínú, ohun kan ṣoṣo yìí ló máa ń rí, á sì tún padà wálé wá panu mọ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Dókítà Olúbùsọ́lá yà wá gba aṣọ rẹ̀, ó sì wá dágbére. Zùwáírátù ń fọ abọ́ ológbò lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù. Aláǹkárá ń fara nù ún lẹ́sẹ̀.

"Áà, ara rẹ̀ ti le!" ni dókítà wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ìyá Wándé, ẹ ò rí i? Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí lọ́jọ́ náà, nítorí oyún tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ oyún mọ́ ilé-ọmọ, ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀."

 Dókítà wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú èkejì, ó yára gba aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Kò mọ ohun tí òun ṣe. Ta ló fẹ́ bá a wí?

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣe é?" Zùwáírátù béèrè. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi ọṣẹ.

"Èmi ni."

"Nígbà tí mo fi páálí hàn yín, tí mò ń sunkún, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Zùwáírá."

Zùwáírátù fọ abọ́ náà tán. Ó ṣan án, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kómi lè gbẹ, ó sì wọlé lọ.

Ìyá Àkànó gbọ́ lọ́nà tirẹ̀, bóyá lẹ́nu Àkànó. Ó ti Ìwó Róòdù wá, ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó pe gbogbo Agbowó jọ. "Ẹ wá wo obìnrin tó ń yọ ilé-ọmọ! Ẹ wo etí wọn, ó ti fi àmì sí i! Ti ìyàwó ọmọ mi ló ń gé díẹ̀díẹ̀ yẹn!" Àwọn tó ti ń ju àpò sí gọ́tà tẹ́lẹ̀ ló wá ń pòṣé jù. Igún ṣoore, igún pá lórí. Oníbàárà dín kù, wòlíì pè é fún àdúrà ìdáǹdè, ó sì lọ, ó kúnlẹ̀, ó gba gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń nà fún ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí wọn ò mọ̀.

Àkànó kó ìyàwó rẹ̀ kúrò lọ sítòsí Ìwó Róòdù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Zùwáírátù wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

"Ìyá Wándé, ẹ jẹ́ kí Màmá sọ ohun tó bá wù wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe àjẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ jẹ́ kí n máa gbàdúrà sórí inú tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti ṣófo."

Moróunkẹ́ ní òun bẹ̀ ẹ́. Zùwáírátù ní òun ti gbọ́. Ó fi ológbò náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Moróunkẹ́ ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ ti tán. Ó ń se ẹja, ó ń gbé e sẹ́yìn ògiri, ó ń padà. Àwọn ológbò ń darúgbó lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ kankan ò sì rọ́pò wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ. Irọ̀lẹ́ á dé, pèpéle á ṣófo. Bí oníbàárà bá béèrè pé kí ló ń wò lẹ́yìnkùlé, á ní òun ò wo nǹkan kan.

Ọdún 1989 ni ìyá tó ń ta òkú Èkó sọ fún un pé Zùwáírátù ti bímọ, obìnrin. Moróunkẹ́ sunkún ayọ̀ sórí maṣíìnì. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìwó Róòdù, ó gbé kaba ọmọdé tó rán dání, funfun, tó fi ọwọ́ ṣe léèsì sí lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó pè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lé e. Zùwáírátù rí i, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó gba kaba náà, ó ní ó ṣeun, ó ní kí wọ́n wá àga fún Ìyá Wándé. Àwọn obìnrin jókòó yí ká yàrá, wọ́n ń gbé ọmọ náà láti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì, ẹni tó bá gbà á á gbàdúrà fún un, á gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e. Moróunkẹ́ ti ń to àdúrà tirẹ̀ jọ lọ́kàn láti Agbowó.

Nígbà tí ọmọ dé ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í, Moróunkẹ́ na apá méjèèjì. Zùwáírátù ti dìde. Ó gba ọmọ náà jẹ́jẹ́, ó fi í sí èjìká, ó sì ní, "Ẹ má bínú, mà. Oorun ń kùn ún."

"Jẹ́ kó sùn," Moróunkẹ́ wí, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Lórí èjìká ìyá rẹ̀, ojú ọmọ náà là sílẹ̀ kedere, ó ń wò ó.